Ìbọn tí wọ́n ní kò sí ọta nínú ẹ̀



Ọkọ mi lọ ra ìbọn àlòkù ní ìlú McDonough láàárọ̀ yìí, torí àwọn tó ń fọ́ mọ́tò ní subdivision wa, àdúgbò tí à ń gbé. Ìbọn gígùn ni, èyí tí wọ́n ń fa irin abẹ́ ẹ̀ kí wọ́n tó yìn ín. Ó ní irú ọta tí ìbọn pélébé tí òun ti ní tẹ́lẹ̀ ń lò náà lòun máa fi sínú ẹ̀.

Ó gbé e ní parlour, ó na ẹnu ẹ̀ sí ògiri.

"Daddy Tọ́mi, ṣé ẹ ti yẹ inú ẹ̀ wò?"

"Ẹni tó tà á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa irin yẹn. Ọta kan fò jáde, ó bọ́ sórí rug. Ó tún fà á, òmíràn tún jáde.

Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni Tọ́mi wà, tó ń ṣe homework.

Ọkọ mi pe ẹni tó tà á. Ọkùnrin náà kàn ní àṣìṣe òun ni: "My bad, man."

Ọkọ mi ní òun á ra safe, àpótí irin tí òun á máa tì í mọ́. Èmi ní kí ìbọn náà kúrò nílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?