Ọjọ́ Tí A To Àwọn Akànṣẹ́ Sípò Lóko Mi

Oko mi wà lọ́nà Òkèhò, bí èèyàn bá ti Ìsẹ́yìn jáde, níbi tí igi irú mẹ́ta dúró sí bí àwọn tó ń retí mọ́tò. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá ń parí lọ, òórùn ilẹ̀ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ́ yí máa ń dùn mọ́ mi nímú. Ní báyìí, bí òórùn yẹn bá ti kàn mí, ńṣe ni itọ́ máa ń kún ẹnu mi bíi ti aboyún. Kì í ṣe ẹ̀bi ilẹ̀. Ẹ̀bi ẹnu tèmi ni, àti ti àwọn tí mo bá ṣe àáró lọ́dún kan báyìí.

Ìwọ náà mọ bí àáró ṣe rí: lónìí a kọ ebè lóko tèmi, lọ́la a kọ ọ́ lóko tìrẹ, títí yóò fi kárí. Mẹ́rin ni wá. Olórí àáró wa, àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ tó ti ẹ̀rọ mọ́sálásí méjì, ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Alápatà kan tó fẹ̀ bí àgbá ọ̀dà tẹ̀ lé e. Èmi ni ẹnì kẹta. Ẹni tó kù sẹ́yìn ni agépákó kan, gíga tẹ́ẹ́rẹ́, àbúrò gbogbo wa, òun ló sì ń kọ ebè yá jù. Ó ti bá olórí kọ tirẹ̀, ó ti bá alápatà kọ tirẹ̀, ó wá ń bá èmi náà kọ tèmi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí.

Nígbà tí oòrùn mú, a jókòó sábẹ́ igi, a ń fi iṣu sísun bọ epo. Alápatà yọ fóònù, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo, ó ń fi ìjà àwọn akànṣẹ́ hàn wá. Kì í ṣe àwọn tíńtínní o, àwọn òmìrán tí bẹ́ẹ̀dì wọn pàápàá á máa ké pe Ọlọ́run. Bí àríyànjiyàn ṣe dé nìyẹn: nínú gbogbo òmìrán tó ti kan ẹ̀ṣẹ́ láyé, ta ni kìíní, ta ni ìkejì? A ò mọ orúkọ wọn, a sọ wọ́n lórúkọ fúnra wa. Èyí tó ga, a pè é ní Òpó Iná. Èyí tó ki, a pè é ní Ọlọ. Olórí ní Ọlọ ni kìíní, kò sí àní-àní. Mo ní irọ́ ni, Òpó Iná ni, ọwọ́ gígùn kì í jẹ́ kí ọ̀tá súnmọ́ni. Èmi tí n kò lu nǹkan kan rí ju ẹ̀fọn lọ!

Alápatà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kọ́ ni àgbò iléyá lé wọ ṣálángá?"

Òótọ́ ni, àgbò lé mi wọ ṣálángá, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ó dùn mí. Mo nawọ́ sí agépákó, mo ní, "Ẹ fi ti àgbò sílẹ̀. Òpó Iná wa ló jókòó yìí. Bó bá dìde, ìwọ Ọlọ á sunkún lọ sílé."

Agépákó ń jẹ iṣu rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Bàbá Sikírá, ẹ má kó mi síyọnu o. Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà á!" Olórí ti pariwo. "Ẹ jẹ́ ká mọ ipò tí a ó fi òun náà sí!"

Àbúrò wa wo ojú mi. Ká ní mo dákẹ́ ni. Mo ní, "Dìde jàre, má dójú tì mí."

A fa ṣẹ́ẹ̀tì mi kan tó ti gbó ya, a fi wé òun àti alápatà lọ́wọ́. Mo sá lọ sẹ́yìn igi irú, mo ní kí àyè lè gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni. Ìjà náà ò pẹ́ rárá. Agépákó fi ọwọ́ òsì tì í sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, alápatà wá kó gbogbo ọ̀rá rẹ̀ lé e mọ́lẹ̀ láàárín ebè méjì. A gbọ́ ìró kan tó dún pá, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ pòròpórò. Olórí bẹ̀rẹ̀ sí í kà bíi ti inú fóònù: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo jáde lẹ́yìn igi, mo bá wọn kà á, mo ń pàtẹ́wọ́. A kà á dé ẹ̀wá. Agépákó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wò wá, epo ṣì wà létè rẹ̀. Ìgbà tí a kà tán la tó rí i pé ọwọ́ náà ti yí síbi tí ọwọ́ kì í yí sí.

Bàbá tó ń to eegun ní ó di oṣù mẹ́ta kí agépákó tó lè gbé ọkọ́. Oko tirẹ̀ nìkan ló kù, òjò sì ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ Òkè-Ògùn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ọkọ́. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá Sikírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rán wọn létí. Ilẹ̀ ti ń le." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo kọ́ ọ̀rọ̀ sórí bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ka ìwé níwájú kíláàsì.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, a pàdé níwájú ilé olórí. Kó tó kàn mí, ó ti sọ̀rọ̀: "Olóko ló ń ṣíwájú àáró lóko ara rẹ̀. Oko tí olóko ò bá lè gbé ọkọ́, a kì í wọ̀ ọ́. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Kò tilẹ̀ parí oko Bàbá Sikírá, ọ̀sán ló dúró."

Alápatà ń ta eyín, ó tutọ́. "Mi ò tilẹ̀ fi gbogbo ara lé e. Eegun rẹ̀ ló rọ̀."

Olórí yíjú sí mi. "Àbí báwo, Bàbá Sikírá?"

Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ohun tí mo kọ́ sórí fò lọ. Mo gbọ́ ẹnu ara mi tó ní, "Bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ni, bàbá." Mo tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń rí mi lára jù títí dòní.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo ń gun ọ̀kadà kọjá lẹ́bàá oko agépákó, mo rí ìyàwó rẹ̀ tó pọ̀n ọmọ, tó ń kọ ebè. Iṣẹ́ tí obìnrin kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ so ọwọ́ kan kọ́ ọrùn, ó ń fi èkejì fa koríko. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yá ọkọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti le, ńṣe ni ọkọ́ ń ta padà bí ẹni lu àpáta. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ebè tí mo kọ kò tó ogún. Ọkùnrin náà ò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá sun oorun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí iṣu jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tèmi tóbi débi tí ìyàwó mi pàtẹ rẹ̀ lẹ́bàá títì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí agépákó wá ra mẹ́ta. Àgbẹ̀ ń ra iṣu jẹ. Ọwọ́ tí kò nà tán mọ́ ló fi ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Iṣu yìí dáa o, Bàbá Sikírá." Mo mọ ìlà oko tí iṣu náà ti wá. Inú ebè tí òun kọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n tó ní kó dìde, ló ti ta. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ojú mi ò gbé tirẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan títí tó fi san owó tó sì lọ.