Ọ̀wẹ̀ Àna Tí Firmin Lọ

Firmin ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Okpomèta, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Kétu. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ. Àìsàn ló ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó o ní agbègbè wa.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa ní. Ọwọ́ Firmin ló máa ń wà. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá jò, òun ló ń lẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń lẹ rọ́bà kẹ̀kẹ́. Bí awọ rẹ̀ bá ya, òun ló ń rán an. Bí eré ọdún tuntun bá kù díẹ̀, òun ló ń kó wa lọ ro pápá, tí a ó sì ri òpó igi tíìkì mọ́lẹ̀ fún gọ́ọ̀lù. Philomène ìyàwó rẹ̀ a ní, "Oko tìrẹ ńkọ́?" Firmin a rẹ́rìn-ín. Oko rẹ̀ kì í tóbi.

Ní ọdún kejì tí wọ́n sọ orúkọ orílẹ̀-èdè wa di Benin, dẹ̀lẹ́gẹ́, ìyẹn ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí abúlé, pe ìpàdé. Ó ké "Éhúzù!", igbe ìjọba náà pé ayé ti yí padà. A dáhùn "Dandan!" Ó ní ẹgbẹ́ kéékèèké kò sí mọ́. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni dísítíríìkì Kétu máa ní, yóò sì lọ bá àwọn dísítíríìkì yòókù gbá bọ́ọ̀lù ní Àjàṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ọjà tó ń bọ̀ ni wọn yóò yan àwọn tó máa gbá a, ní Kétu. A bi í pé ẹni mélòó ni wọn yóò mú láti ọ̀dọ̀ wa. Kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́ náà ń wá sí ìsọ̀ Firmin. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: ṣé wọ́n máa mú ẹnikẹ́ni nínú wa? Gbogbo ìrètí wa wà lórí Barnabé, aṣọ́lé wa. Ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

Sìdíkù tó ń ta aṣọ kì í gbà. Kétu ni wọ́n bí i, ẹ̀yìn aṣọ́lé Kétu ló wà.

"Barnabé yín yẹn, bó bá rí ilé alájà Àjàṣẹ́, yóò gbàgbé bọ́ọ̀lù."

"Tiyín ńkọ́?" Firmin dáhùn. "Lọ́dún tó kọjá, ewúrẹ́ wọ pápá. Ewúrẹ́ ló gbá mú, bọ́ọ̀lù wọlé."

"Ó kúkú gbá nǹkan mú. A sì jẹ ewúrẹ́ náà."

A rẹ́rìn-ín. Firmin kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Barnabé ni wọ́n máa mú. Bí wọ́n bá mú un, èmi náà dé Àjàṣẹ́ nìyẹn."

Barnabé wá bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń fẹ́ Clémence sọ́nà, ọmọ Bàbá Àkànmú ní Idigny. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lóko àna. Ọ̀wẹ̀ ni à ń pè é. Àna ló ń dá ọjọ́. Ọjọ́ Àìkú yẹn kan náà ni Bàbá Àkànmú dá, kí wọ́n wá kọ ebè iṣu.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú."

"Má lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? A máa bá ọ ṣe é."

"Láìsí èmi?"

"Ebè ni Bàbá ń fẹ́. Ìwọ lọ mú bọ́ọ̀lù."

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ fún wọn."

"Bí wọ́n bá rí ebè, inú wọn á dùn. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Barnabé ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Barnabé gba Kétu lọ, àwa gba Idigny. A pọ̀. Firmin gun kẹ̀kẹ́, ó so ọkọ́ mọ́ ọn. Bàbá Àkànmú jókòó lẹ́bàá oko. Ó kí wa, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọkọ Clémence dà?"

Firmin dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, wọ́n pè é sí Kétu. Wọ́n ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù. Òun ló rán wa."

"Ó rán yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Lónìí, iṣẹ́ ẹni méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa máa ṣe."

Bàbá nawọ́ sí oko. Firmin rò pé ó ti gbà. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀.

N kò rí Firmin kó ṣiṣẹ́ báyẹn rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nítorí náà ó kúnlẹ̀, ó ń fi orúnkún rìn láti ebè kan dé èkejì. Nígbà tó fi di ọ̀sán, a ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, ebè tó gún régé. A ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti abà. A wẹ ọwọ́. Wọ́n gbé omi wá, a mu. Ìyá Clémence yọjú, ó wo ọkọ rẹ̀, ó padà wọlé.

Bàbá Àkànmú ní, "Oúnjẹ àna ni mo ní kí wọ́n sè. Àna kò wá. Ẹ ṣeun, ẹ máa lọ."

Nígbà tí a délé, ariwo ti gba abúlé. Wọ́n ti mú Barnabé. Wọ́n gbé e lé èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ojú wá Firmin. Firmin dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn.

Ní ọjọ́ kejì, òun àti èmi àti àbúrò bàbá Barnabé lọ bẹ Bàbá Àkànmú. Kò pariwo.

"Oko mi, èmi àti àwọn ọmọ mi lè ro ó," ló wí. "Ẹni tó fẹ́ mú ọmọ mi lọ ni mo fẹ́ wò. Bí Clémence bá ń rọbí lọ́la, ta ló máa rán?"

"Bàbá, èmi ni mo ní kó má wá. Èmi ni kí ẹ bá wí."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ẹ?"

A dìde, a lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n mú Clémence lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Pobè. Barnabé fúnra rẹ̀ ti lọ dọ̀bálẹ̀ ní Idigny, wọn kò dá a lóhùn. Ó wá sí ìsọ̀ Firmin. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí n sọ fún wọn." Lẹ́yìn náà ó rékọjá sí Ìmẹ̀kọ, ní Nàìjíríà, ó ń ṣe lébìrà níbẹ̀.

Eré kù sí dẹ̀dẹ̀. Dẹ̀lẹ́gẹ́ ránṣẹ́ sí i, ìyá rẹ̀ náà ránṣẹ́. Àwọn ènìyàn ń bi Firmin bóyá yóò dé. Ó ń dáhùn pé yóò dé. Ó ń wí bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi fi aṣọ́lé Kétu sípò rẹ̀.

Lọ́jọ́ eré àkọ́kọ́, kámíọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Àjàṣẹ́ dúró níwájú ìsọ̀.

"Firmin, gòkè! A ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ."

"Ẹ máa lọ. Mo ní kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ tún ṣe."

Kò sí kẹ̀kẹ́ kankan níwájú rẹ̀.

Nígbà tí Sìdíkù ti Àjàṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, a rò pé ẹ̀fẹ̀ ló bá wá. Ó jókòó jẹ́ẹ́.

"A borí. Ẹyọ kan sí òdo."

"Aṣọ́lé ńkọ́?" Firmin bi í.

"Ó mú méjì tó yẹ kó wọlé."

"Ó dáa."

Sìdíkù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Barnabé ì bá mú wọn dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Bóyá òótọ́ ló sọ, bóyá àánú ló ṣe é, n kò mọ̀. Firmin ní, "Ó ti tó, Sìdíkù." Ó yí ojú sí ara igi, èjìká rẹ̀ ń mì.