Omi Inú Tẹlifíṣàn Olóyè

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti géètì mọ́ mi ní GRA Onitsha, ìgò omi pupa kan ló wà lọ́wọ́ mi. Omi náà ti pẹ́, ó ti bu bíi búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì wúlò fún ohunkóhun mọ́. Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yẹn, èmi nìkan ni mo gbà bẹ́ẹ̀.

Títún tẹlifíṣàn ṣe niṣẹ́ mi. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí n kò rí ẹni tó fẹ́ gba físíìsì náà lọ́wọ́ mi, mo tẹ̀lé ìyàwó mi, tó jẹ́ télọ̀, wá sí Onitsha. Mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kò kàwé kọjá prámárì, tó sì fi oṣù mẹ́ta gbáko wò mí kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó wáyà. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Prọ́fẹ́sọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é máa mọ̀ pé kì í ṣe oyè.

Kò sẹ́ni tó fọkàn tán onítẹlifíṣàn. Wọ́n gbà pé tí ojú wọn bá ti kúrò lára wa, a ó yọ èyí tó dáa, a ó sì fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan á kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò inú ẹ̀rọ wọn. Àwọn obìnrin mìíràn á fi kútẹ́sì, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun èékánná, sàmì sára gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀. N kì í bínú. Èmi náà, tí mo bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bí ìtọ̀ tilẹ̀ ń gbọ̀n mí, n kì í kúrò níbẹ̀.

Olóyè Ifeanyi, tó ti fìgbà kan rí ń kó táìlì wọ̀lú, ló ni tẹlifíṣàn tí mò ń sọ yìí. Pírójẹ́kíṣọ̀n ni, irú àtijọ́ tó tóbi bíi wọ́dúróòbù. Tíúbù kéékèèké mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń tan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tan àwòrán sára jígí ńlá kan, jígí á sì dá a padà sójú tẹlifíṣàn láti ẹ̀yìn. Nítorí pé tíúbù wọ̀nyí máa ń gbóná bí ààrò, omi wà láàárín ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti lẹ́ǹsì rẹ̀ láti mú un tutù. Lára irú ti Olóyè, wọ́n pa omi tíúbù pupa láró pupa. Omi yìí ló ti bu, tí gbogbo ẹni tó ń ka ìròyìn fi dà bí ẹni tó fi osùn para.

Mo ti gbà á nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀, ní àdàlù Ìgbò àti pijin tí a jọ máa ń sọ.

"Olóyè, ẹ jẹ́ ká ra tuntun, èyí tó fẹ́lẹ́."

"Kí n gbé e kọ́ sára ògiri bíi kàlẹ́ńdà? Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé eléyìí wọlé. Nǹkan tí ẹnì kan lè dá gbé, ta ló máa mọ̀ pé mo rà á?"

Nítorí náà, mo ṣí tíúbù, mo sì ro omi rẹ̀ sínú ìgò. Olóyè dìde lórí àga.

"Omi? Nínú tẹlifíṣàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Pupa?"

"Pupa ni, sà."

Ó ya fọ́tò ìgò náà, ó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. N kò tíì nu lẹ́ǹsì tán tí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń ti géètì.

Ọ̀rọ̀ kan ń jà kálẹ̀ nílùú, pé nǹkan kan tó ń jẹ́ mẹ́kúrì pupa wà nínú tẹlifíṣàn àtijọ́, àti pé àwọn òyìnbó ń fi owó ilé ra ẹ̀kán rẹ̀ kan. Kò tíì sí ẹni tó rí i rí. Àwọn tí kò rí i rí yìí náà ló sì mọ̀ nípa rẹ̀ jù. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ Olóyè tó wọlé wẹ́rẹ́, tó wọ kóòtù nínú ooru ọ̀sán, tó ní Dókítà lòun. Mo bi í pé dókítà kí ni. Ó ní, "Ti gbogbo ẹ̀."

Dókítà ní mẹ́kúrì máa ń sáré tọ wúrà, ó sì máa ń sá fún aáyù. Ìyàwó Olóyè, tí gbogbo ilé ń pè ní Lolo, bọ́ òrùka rẹ̀, wọ́n fi òwú so ó, wọ́n rì í bọ inú ìgò. Omi kò mira. Wọ́n mú aáyù wá láti kíṣìnnì. Omi kò mira.

"Ẹ rí i báyìí," ni mo wí.

"A rí i," ni Dókítà wí. "Ó ti pààrọ̀ rẹ̀."

Ni wọ́n bá tú àpò mi. Wọ́n rí ìgò omi mìíràn tó mọ́ gaara, èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míkà láti fi rọ́pò ti àtijọ́.

"Ó gbé ìgò wá láti ilé!" Olóyè pariwo.

"Òun ni mo fẹ́ rọ sínú ẹ̀ o, sà!"

"Àbí òun lo rọ síta?" Lolo bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Olóyè yọ fóònù. "Màá pe alága láìnì yín. Kílẹ̀ tó ṣú, ṣọ́ọ̀bù ẹ ti wà ní títì."

Ẹni tó bá ń gbé Onitsha mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Láìnì ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ní alága tirẹ̀, àgádágodo rẹ̀ sì lágbára ju ti kóòtù lọ. Àlejò bíi tèmi, tí wọ́n bá ti lè pè é lólè ní láìnì kan, kò ní rí ṣọ́ọ̀bù gbà ní òmíràn. Inú ṣọ́ọ̀bù mi náà sì ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi wà.

Mo bá parọ́.

"Dókítà, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó ní láti pọ́n bí èso ni? Ogójì ọjọ́ ni, kí tẹlifíṣàn sì máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. A kà á ní yunifásítì."

Ó wò mí. Mo wò ó. Dókítà ti gbogbo ẹ̀ kò kúkú lè sọ pé òun kò mọ̀.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn," ló wí.

Mo rọ omi bíbu náà padà, mo dí i. Lolo fi kútẹ́sì kun gbogbo ìdè orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣí géètì.

Mo fi ìtàn yìí ṣe àwàdà nílé. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ò ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́," ló wí, "tó bá di ọjọ́ kọkànlélógójì ńkọ́?" Mo ní kó tó dìgbà náà, á ti sú Olóyè.

Ọjọ́ kọkànlélógójì kò tíì pé tí obìnrin kan fi gbé pírójẹ́kíṣọ̀n tirẹ̀ dé láti Ogidi nínú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Màmá Nkechi lorúkọ rẹ̀, opó ni, ìṣó ló ń tà ní ọjà ohun èlò ìkọ́lé. Ọkọ rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

"Prọ́fẹ́sọ̀, bá mi tún un ṣe lónìí, kí ọjọ́ má bàa já. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé. Dókítà, ọ̀rẹ́ Olóyè Ifeanyi, ní tí mo bá pa á pẹ́nrẹ́n, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ta ìṣó tó wà nílẹ̀ tán, mo fi ra epo jẹnẹrétọ̀."

Mo fi mítà wò ó. Áísì kan, ọ̀kan nínú àwọn nǹkan kéékèèké inú ẹ̀rọ náà, ló jó, iṣẹ́ wákàtí kan péré. Tí mo bá tún un ṣe, á tún lọ ra epo ọjọ́ mẹ́rìnlá sí i. Tí mo bá sì sọ òótọ́ fún un, ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ Olóyè, á dé ọ̀dọ̀ alága.

Mo fún un ní àga. Mo ṣí tíúbù pupa lójú rẹ̀, mo ro omi rẹ̀ sínú abọ́, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù lásán ni, Mama. Kò ní pọ́n láé."

"Ta wá ni ó sọ pé ogójì ọjọ́?"

"Èmi ni. Wọ́n ti géètì mọ́ mi nílé Olóyè Ifeanyi, ó fẹ́ pe alága kó ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo parọ́ kí wọ́n lè ṣí i."

Ó wo abọ́, ó wo ojú mi.

"Wọ́n ṣí i fún ẹ. Èmi ńkọ́?"

Mo ní ká tú u tà ní wẹ́wẹ́, kó lè rí owó díẹ̀ gbà padà. Mo bá a tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó jókòó tì mí títí dé ìdè tó kẹ́yìn. Onídìrí tó wà ní òdìkejì wa ra jígí, káfíńtà ra pákó, àwọn oníkọ́ńdẹ́mù, tó ń ra irin àlòkù, ra kọ́pà. Tíúbù nìkan ni n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Tí èèyàn bá lù ú, á bẹ́, èéfọ́ dígí á sì wọ ojú. Òjé tún wà nínú dígí náà. Odindi ni mo máa ń dì í sínú páálí, títí tí àwọn tó ń kó irú rẹ̀ lọ fi máa dé.

Màmá Nkechi kó owó díẹ̀ tó rí níbẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Mò ń lọ sọ́dọ̀ Olóyè," ló wí. "Tó bá fẹ́ pe alága, kó pè é."

Kò ju wákàtí kan lọ tí fóònù mi fi dún.

"Prọ́fẹ́sọ̀, obìnrin kan wà níwájú mi. Ó ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ ogójì ọjọ́ yẹn."

"Irọ́ ni, Olóyè. Èmi ni mo pa á. Ẹ lè pe alága."

Mo ń gbọ́ ohùn Dókítà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Olóyè máa tún sọ̀rọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́.

"Ìyẹn ni pé ó ti pọ́n tẹ́lẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ní kí ẹnì kan lọ mú òòlù wá.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu dígí yẹn! Ẹ dúró dè mí!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà mi.