Iya Ẹ̀yìn Ilé Itohan

Nígbà tí lẹ́tà tiransífà ọkọ mi jáde, pé kó máa lọ sí Àkúrẹ́, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí a kó kúrò ní Benin. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ Puráímárì Fáìfù ní ilé ìwé aládàáni kan lẹ́bàá Sapele Road. Ilé, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà nìkan ni mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, sóṣà sítọ́dì ni iṣẹ́ mi: èmi ni mò ń ka ìwé fún ọmọ Benin nípa Benin àtijọ́.

Misis Osaro, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ Ogbe ní Benin ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé Ìbàdàn rí, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Òun ló bi mí pé:

"Ìyá Bọ́lá, kí lẹ máa ròyìn fún wọn nílé? Ẹ ti dé Igun, níbi tí wọ́n ti ń fi idẹ ṣe ère?"

"Rárá."

"Mùsíọ́mù ńkọ́?"

"Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá."

"Iya ńkọ́?"

"Ìyá ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Iya ni àwọn Bini ń pe yàrà ńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ìlú ká.

Ẹ̀rín kò pa èmi. Itohan ni mo rántí.

Ní táàmù tó ṣáájú, mo ní kí àwọn ọmọ kọ orúkọ ohun àtijọ́ kan tó wà nítòsí ilé wọn. Itohan, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní kíláàsì, kọ ọ́ pé Iya wà lẹ́yìn ilé àwọn. Mo fi bírò pupa fagi lé e, mo sì kà á síta. "Itohan, ṣé ìyá rẹ ló wá di ohun àtijọ́?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó mọ òtítọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín, nítorí pé olùkọ́ ló ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó jókòó. Láti ọjọ́ yẹn, kò nawọ́ mọ́. Mo tún wá kọ ọ́ sínú káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ pé ìwà rẹ̀ ti ń dára sí i.

Ní Sátidé, Misis Osaro mú mi jáde. Ní Igun, ọkùnrin kan fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń fi ìda mọ ère, tí wọ́n á fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n á yọ́ ìda náà dànù, kí wọ́n tó da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé òòlù ni wọ́n fi ń lù ú jáde! A wọ mùsíọ́mù. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó mú mi dé ilé Itohan.

Ìyá rẹ̀ kí wa káàbọ̀, ó sì ní kí ọmọ náà mú wa dẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn ilé ìdáná, ilẹ̀ já wálẹ̀ lójijì. Àwọn igi tó hù nísàlẹ̀ ibẹ̀, orí wọn ni mò ń wò. Iya náà nìyẹn.

"Itohan," mo ní, "ìwọ lo gbà á. Èmi ni mo kùnà. Má bínú."

Ó wá fi pijin sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé kí Àǹtí má sún mọ́ etí rẹ̀ o, ó máa ń yọ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo sọ ohun tí mo ṣe níwájú gbogbo kíláàsì, mo sì fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ya Iya sójú pátákó, ó ṣàlàyé rẹ̀ títí aago fi lù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún bí mo ṣe ń pe Iya ṣe.

Ìwé sóṣà sítọ́dì kan náà ni wọ́n gbé fún mi ní ilé ìwé tí mo ti ríṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Mo tì í sínú dúrọ́ọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè ohun tó wà ládùúgbò wọn láti ayébáyé, kó sì wá kọ́ mi, nítorí àlejò ni mí.