Bàálù Àbíkú

Mo rántí ọdún tí ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo fẹ́ ṣègbéyàwó ní Kòlóńbíà, tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí àwọn àna mi gbé ayẹyẹ náà wá sí Bronx tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù bàálù ló ń bà mí. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Bàálù tó gbé mi wá sí Amẹ́ríkà, ńṣe ni mo dijú láti Èkó títí a fi balẹ̀, obìnrin tó ń pín oúnjẹ sì rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Kò jìnnà sí òótọ́.

Bàbá ará Kòlóńbíà kan ń gbé lókè ilé wa ní Parkchester, àdúgbò wa ní Bronx. Bàálù ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ṣe nílùú wọn kó tó fẹ̀yìn tì. Mo gòkè lọ bá a kó lè fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó po kọfí fún mi, ó sì mú ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ó ní òkè pọ̀ nílẹ̀ àwọn débi pé bàálù ti ń fò kí ọ̀nà tó dé ibi púpọ̀, pé orí odò làwọn ti àkọ́kọ́ ń bà sí bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ìyẹn dára. Ó wá kan àwọn iléeṣẹ́ bàálù wọn. Èyí kú, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Òmíràn náà kú, ó tún padà wá pẹ̀lú orúkọ tuntun, orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wa gan-an.

“Àwọn bàálù rẹ̀ wá ńkọ́?” ni mo bi í.

“Àwọn náà ni. A kàn tún wọn kùn ni.”

Kọfí náà korò lẹ́nu mi. Nílé tiwa, ohun tó bá ń kú tó ń padà wá, a mọ orúkọ rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún ìyàwó mi pé àbíkú ni iléeṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wojú mi.

“Ẹ ṣé, Bàbá Ìyàwó. Ta ni kó wá mú ọmọ yín wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé bàbá oníkọfí yẹn?”

Mo rò ó wò. Bàbá náà ní kóòtù tó dáa.

Ọjọ́ pé. Lẹ́nu ọ̀nà bàálù, mo ń yẹ ara rẹ̀ wò bí àwọn àgbà ṣe ń yẹ ọmọ tuntun wò, bóyá àpá tí wọ́n kọ fún un nígbà tó kú ṣì wà. Ó wà. Létí ilẹ̀kùn, ọ̀dà funfun ti ṣí díẹ̀, pupa ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yí padà fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi kàn gbé báàgì tí agbádá mi wà nínú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo bá fọwọ́ kan ojú àpá náà, mo ṣe bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: mo fi orúkọ bẹ̀ ẹ́.

“Dúrójayé,” ni mo wí.

Obìnrin tó ń kí èrò káàbọ̀ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò rí Dúrójayé kankan níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ yẹn ti kú báyìí, ó ti jẹ́ nǹkan mìíràn. Ọmọ mi ti bí méjì sọ́hùn-ún, n ò sì mọye ìgbà tí mo ti lọ kí wọn. Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Èmi ò kúkú lóògùn. Mo ṣì ń fọwọ́ kan ara bàálù lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣì ń pe orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé bàálù kọ́ ni mò ń bẹ̀ pé kó dúró. Ẹsẹ̀ mi ni.