Ta Ló Gbé Òpó Ààlà?

Bí ènìyàn bá kí Bàlíkísù kú àárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìṣó rẹ̀ l'Áwóyayà, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ onítọ̀hún kó tó dáhùn. Kò sí káfíńtà tó lè fi ẹ̀rín ra ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bá a wí. Obìnrin tí wọ́n gbé òkú ọkọ rẹ̀ wálé lọ́sàn-án gangan, tí àwọn tó pa á tún ń kí i ní "Ìyá Sùlè, ẹ kú ọjà", ta ni yóò máa rẹ́rìn-ín sí?

Ìjà ilẹ̀ ló pa Ọlálérè ọkọ rẹ̀. Agboolé méjì ló wà nínú ìlú kékeré wọn lẹ́yìn Awóyayà: Ilé Òkè ni ti Ọlálérè, Ilé Odò ni àwọn kejì. Lọ́jọ́ kan, Ilé Odò rí i pé òpó kọnkéré tí àwọn onísọ́fè rì mọ́ ààlà ti wọ inú oko àgbọn wọn. Wọ́n ní Ilé Òkè ló gbé e. Ilé Òkè ní irọ́ ni, ibẹ̀ ló ti wà látilẹ̀. Ni àdá bá dọ́wọ́. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ṣá ara wọn kí Ògúnkúnlé tó là wọ́n.

Bíríkìlà ará Ìkirè ni Ògúnkúnlé. Kò ní ilẹ̀ tó tó tẹ́ ẹní sí nílùú náà, ìdí nìyẹn tí tọ̀tún-tòsì fi gbọ́ tirẹ̀. Ó gba èébú níbí, ó gba èébú lọ́hùn-ún, títí wọ́n fi sọ àdá sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ó tún gbé òmíràn dé. Ó ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìjà náà nílé ẹ̀kọ́, bí Ilé Òkè ṣe ń sọ ọ́ àti bí Ilé Odò ṣe ń sọ ọ́.

"Tibí gbọ́ pé apààyàn ni tọ̀hún, tọ̀hún gbọ́ pé olè ni tibí," ó wí fún àwọn àgbà. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ méjèèjì lójúkojú."

Ara fu Bàlíkísù. Ta ni kò mọ̀ pé ìtàn ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ ní kóòtù? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

"Bàbá, kí lẹ máa rí níbẹ̀?" ó bi í. "Àbí lọ́yà kan ló wà lẹ́yìn yín?"

"Ìyá Sùlè, ẹ wá jókòó ní kíláàsì, kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́."

Ó lọ lóòótọ́. Orúkọ rere ni ohun kan ṣoṣo tí Ọlálérè fi sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bà á jẹ́ lójú Bàṣírát ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì náà. Ó jókòó sẹ́yìn, ó gbé báàgì lé itan, ó tẹjú mọ́ Ògúnkúnlé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.

Tíṣà Tèmítáyọ̀ fa ìlà sí àárín pátákó, ó kọ ti Ilé Òkè sápá kan, ti Ilé Odò sápá kejì. Kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an tún bí Bàlíkísù nínú, nítorí kò rí ibi tó máa gbá mú.

Bàṣírát nawọ́ sókè. "Àǹtí, òpó kọnkéré á wúwo o. Ta ló lè gbé e?"

Tíṣà wo Ògúnkúnlé, bóyá ó mọ̀. Ògúnkúnlé dorí kodò. Bàlíkísù rí i, ó sì fò dìde.

"Bàbá, ẹ mọ ẹni tó gbé e!"

"Èmi ni," Ògúnkúnlé wí. "Lébìrà ni mí nígbà yẹn. Mo ti là yín níjà, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ohun tí mo ṣe. Ìdí tí mo fi ní ká kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn."

Inú Bàlíkísù dùn. Ó ti mọ̀! Ilé Odò ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀sùn fi kan ọkọ òun.

"Ta ló rán yín? Ẹ dárúkọ ẹ̀ kí àwọn ọmọ gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn nílé."

"Níbí ni! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká sọ ọ́ lójúkojú."

Ògúnkúnlé sún mọ́ ọn. "Ọkọ yín ni. Àwa méjèèjì la jọ gbé e."

Irọ́ ni, irọ́ ni, ó ti dé ètè Bàlíkísù. Àmọ́ ó rántí ọ̀sán ọjọ́ kan, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, tí Ọlálérè wọlé, tó ní Ẹlẹ́kọ̀ọ́ lòun ti ń bọ̀, létí òkun níbi tí kò sí nǹkan mìíràn ju yanrìn lọ, tí ẹrẹ̀ dúdú, irú ti ẹ̀bá ààlà, sì kún ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Bàlíkísù tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́, kò bèèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Bàṣírát náà yíjú.

"Òótọ́ ni Bàbá sọ," Bàlíkísù wí. "Èmi ni mo fọ ṣòkòtò náà."