Iná Tó Ń Kú Fúnra Rẹ̀ ní Yàrá Baba Báyọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ iná kí n tó gbàgbé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Láti ọjọ́ tí Baba Báyọ̀, ọkọ mi, ti kú, n kì í pa iná yàrá wọn. Nínú ilé tiwa ní Lálúpọn níbí, wọn kì í jẹ́ kí yàrá olóògbé ṣókùnkùn títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Fìtílà ni àwọn ìyá wa máa ń tàn. Èmi tan gílóòbù. Ogójì ọjọ́ pé, àlejò lọ, wọ́n ká ẹní. N kò pa á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa á? Nígbà ayé wọn, bí mo bá pẹ́ níbi tí a ti ń yan gàrí, iná ojú fèrèsé yẹn ni wọ́n máa ń tàn dè mí.

Báyọ̀, àkọ́bí wa, ló ń san owó iná. Ìbàdàn ló ń gbé, ní Ọlọ́runṣògo, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó bá iná tó ń jó lọ́sàn-án gangan.

"Màámi, ta lẹ tan eléyìí fún?"

Mo ní bàbá ẹ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó iná. Bó ṣe rí náà nìyẹn níbi ìsìnkú. Òun ló ra pósí, òun ló gba àlejò, omijé kan kò bọ́ lójú ẹ̀. Àwọn ènìyàn ń yìn ín pé ọkùnrin ni. Èmi tí mo bí i, inú mi kò dùn sí i.

Nígbà tó tún padà wá, ó gbé páálí kan dání. Ó kan àwọn nǹkan funfun roboto mọ́ òkè ilé, ó dà bí ẹyin tí wọ́n là sí méjì. Ó ní ojú iná ni. Bí ènìyàn bá wọlé, á rí i, á tan iná. Bí ẹnikẹ́ni ò bá mira fún ìgbà díẹ̀, á pa á. Ó ní kò ka mímí lásán sí ìmira o. Báyìí, iná kò ní máa jó lófo mọ́.

Mo bi í pé ṣé títí kan yàrá bàbá ẹ̀? Ó ní ibẹ̀ gan-an ló tìtorí ẹ̀ wá. N kò bá a jà. Ìjà wo ló kù lára mi?

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Ṣáṣá wá kí mi. Àbúrò ọkọ mi ni wọ́n, wọ́n ń ta ẹ̀wà lọ́jà Ṣáṣá. Ilẹ̀ ti ń ṣú. A jókòó sí yàrá Baba, wọ́n wà lórí àga, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mọ bí ọlọ́fọ̀ ṣe ń jókòó: ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, kò sí ọ̀rọ̀. Ni iná bá kú. Bẹ́ẹ̀ iná ilé Ìyá Ràfíù ní òdìkejì ń tàn wọlé láti ojú fèrèsé, a ò lè sọ pé wọ́n mú iná lọ.

N kò tíì la ẹnu tí Ìyá Ṣáṣá fi sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bùọ̀dá, ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ má bínú pé n kò tètè dé nígbà àìsàn yín. Ọjà ló fà á." Wọ́n kúnlẹ̀ láti kí ẹ̀gbọ́n wọn. Bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀, iná tàn yòò.

"Ìyàwó wa, o rí i? Wọ́n ti dárí jì mí."

Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo sọ ọ́. Mo ní ẹ̀rọ Báyọ̀ ni, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n wò ó. A jókòó. Iná tún kú.

Ìyá Ṣáṣá ní, "Ṣé kí ọlọ́fọ̀ máa jó kí iná tó tàn fún un ni?" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, iná sì tàn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n sọ fún Báyọ̀ kó yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní ìdáríjì tàwọn ṣì dúró o, ẹ̀rọ tàbí kì í ṣe ẹ̀rọ.

Èmi ni wọ́n fi iná náà sílẹ̀ fún. Bí mo bá ti jókòó síbẹ̀ tí mò ń ronú, á kú, bíi pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Màá juwọ́, á tàn. Màá tún juwọ́. Nígbà tó yá, apá ń ro mí, mo bá jáwọ́.

Inú òkùnkùn yẹn ni Báyọ̀ bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé. Bó ṣe wọlé ni iná tàn.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ò juwọ́?"

Mo ní, "N kò lágbára kí n máa juwọ́ fún gílóòbù kó tó mọ̀ pé mo wà láyé. Jẹ́ kí ti pálọ̀ àti ti ilé ìdáná wà, wọ́n wúlò. Yọ eléyìí fún mi."

Kò jiyàn. Ó ní kóun sinmi díẹ̀ ná. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì bàbá ẹ̀, ó ń wo fìlà wọn tó wà lára ìṣó. Ó tẹrí ba. Iná kú.

Mo gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni. Báyọ̀ ń sunkún ni, ó rọra ń sun ún bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́.

Ọwọ́ mi fẹ́ lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀. Mo wá rántí pé bí mo bá na ọwọ́, iná á tàn, Báyọ̀ á nu ojú, á dìde, á tún di ọkùnrin tí wọ́n ń yìn. Mo di ọwọ́ mi mú sórí itan. N kò mira.

Nígbà tó sun ún tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun fúnra ẹ̀ dìde. Iná tàn. Ó na ọwọ́ sí àpò irinṣẹ́ ẹ̀.

Mo ní, "Fi sílẹ̀."

Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, n kì í sì í juwọ́ sí i mọ́. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé iná tí à ń tàn fún òkú lè máa dí alààyè lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ẹni yín ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ pa iná yàrá ẹ̀ nílé yín, kí ló sì ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn náà? Ẹ sọ fún mi. Mo wà nílé, mo jókòó jẹ́ẹ́.